Bí A Ṣe Ń Ka Èsì Jẹ́nótáìpù: Ohun Tí Ọmọ Lè Jogún, àti Bí Lẹ́tà S Ṣe Wọ Inú Ẹ̀jẹ̀ Wa

Lẹ́tà méjì péré ni wọ́n sábà máa ń kọ sórí ìwé èsì àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù, yálà AA, AS, AC, SS tàbí SC, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà lábẹ́ lẹ́tà méjì náà pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò lọ. Nílẹ̀ Yorùbá lónìí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé yìí, ọ̀pọ̀ ìfẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ sì ti tú ká nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tí ó mọ̀ pé ó léwu kí AS fẹ́ AS pọ̀ gan-an, àwọn tí ó lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí ó fẹ́ lè ka èsì náà fúnra rẹ̀, tí ó fẹ́ ṣírò ohun tí ọmọ lè jogún, tí ó sì fẹ́ mọ bí lẹ́tà S ṣe dé àárín wa àti ìdí tí kò fi tíì parẹ́. S kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àbùkù tí ìdílé kan fi sílẹ̀ fún ìdílé mìíràn. Àyípadà kékeré kan ni ó ṣẹlẹ̀ nínú jíìnì, ibà ni ó sì jẹ́ kí ó gbilẹ̀. Ẹ wá ìwé, bírò, abọ́ méjì, àti ẹ̀wà oríṣi méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, nítorí ìṣirò wà níwájú.

Ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń sọ

Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni purotéènì kan wà tí a ń pè ní hìmóglóbìn, òun ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Jíìnì ni ó ń fún ara ní ìlànà tí yóò fi ṣe purotéènì náà. Ẹ̀dà méjì ni olúkúlùkù ní nínú jíìnì tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, èkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá, ìdí sì nìyẹn tí lẹ́tà orí ìwé èsì fi jẹ́ méjì.

A ni hìmóglóbìn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ. S ni èyí tí ó máa ń so mọ́ ara wọn nígbà tí ọ́síjìn bá ti kúrò lára rẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó yẹ kí ó rí roboto yóò sì tẹ̀ bí dòjé, tí kò ní lè kọjá dáadáa nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró. C ni òmíràn tí ó wọ́pọ̀ ní Burkina Faso àti àríwá Gánà, tí ó sì wà láàárín àwa Yorùbá ju bí ó ṣe wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń gbé ní ìlà-oòrùn Odò Ọya.

Ẹni tí ó jẹ́ AS tàbí AC kì í ṣe aláìsàn, nítorí A tí ó wà lára rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tó. Ẹni tí ó jẹ́ SS ni ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó yẹ kí ó lo nǹkan bí ọjọ́ 120 kì í ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ nínú ara rẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í fi tó, tí ojú rẹ̀ sì máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. SC náà jẹ́ irú àrùn yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sábà máa ń rọ̀ díẹ̀ ju SS lọ. Mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá jẹ́ SC má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀, nítorí ó máa ń ba inú ẹyinjú jẹ́ láìjẹ́ pé ara ń ro ó. Kí ó máa lọ ṣàyẹ̀wò ojú déédéé.

Kí ẹ tó gba èsì náà gbọ́

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe àyẹ̀wò náà. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń po ẹ̀jẹ̀ mọ́ omi kẹ́míkà láti wò bóyá omi náà yóò rú: èyí lè sọ pé S wà, ṣùgbọ́n kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín AS àti SS, kò sì lè rí C rárá. Àyẹ̀wò electrophoresis, tí ó ń fi iná mànàmáná ya oríṣiríṣi hìmóglóbìn sọ́tọ̀, sàn jù ú lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní HPLC sì tún ń kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú 100. Bí iye náà bá wà lórí ìwé yín, ẹ wò ó dáadáa: lára ẹni tí ó jẹ́ AS, A ni ó máa ń pọ̀ ju S, S náà sì sábà máa ń wà láàárín 35 sí 40. Bí S bá pọ̀ ju A lọ lára ẹni tí kò gba ẹ̀jẹ̀, ẹ má kọ AS sílẹ̀ kí ẹ sì máa lọ. Ẹ lọ bá dókítà tí ó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, nítorí irú àbùkù jíìnì mìíràn wà, talasímíà, tí ó lè fara pamọ́ síbẹ̀.

Ohun méjì mìíràn máa ń ṣini lọ́nà. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ṣì ní hìmóglóbìn inú oyún, tí wọ́n ń kọ ní F, lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú ara, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n tún àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe tí ó bá dàgbà díẹ̀. Ẹni tí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láàárín oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn ń gbé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn kiri. A tí ẹ̀rọ rí lára rẹ̀ lè jẹ́ ti ẹni tí ó fún un ní ẹ̀jẹ̀. Bí ìgbéyàwó bá rọ̀ mọ́ èsì náà, ibi àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ti ṣe é.

Ẹ̀wà nínú abọ́ méjì

Ẹ gbé abọ́ méjì kalẹ̀, ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún ìyá. Ẹ jẹ́ kí hóró ẹ̀wà funfun dúró fún A, kí hóró pupa sì dúró fún S. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ẹ fi hóró funfun kan àti pupa kan sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ di ojú yín, ẹ mú hóró kan láti inú abọ́ bàbá àti hóró kan láti inú abọ́ ìyá, kí ẹ sì tò wọ́n pọ̀: ọmọ kan nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dá hóró kọ̀ọ̀kan padà sínú abọ́ tí ó ti wá kí ẹ tó mú òmíràn.

Ìdápadà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Ọ̀nà mẹ́rin ni hóró méjì náà lè gbà bára wọn pàdé: funfun láti ọ̀dọ̀ bàbá àti funfun láti ọ̀dọ̀ ìyá, funfun àti pupa, pupa àti funfun, pupa àti pupa. Nítorí náà, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá 1 nínú 4 ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS, ìdá 1 nínú 4 ni kí ó jẹ́ AA, ìdajì sì ni kí ó jẹ́ AS. Kò sọ pé bí tọkọtaya bá bí ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan ni yóò jẹ́ SS. Àwọn tọkọtaya kan, tí àkọ́bí wọn jẹ́ SS, máa ń fọkàn balẹ̀ pé àwọn ti san gbèsè tiwọn, pé àwọn mẹ́ta tí ó kù yóò bọ́. Abọ́ kò mọ ohun tí ẹ mú jáde lẹ́ẹ̀kan. Ó tún kún bí ó ṣe kún tẹ́lẹ̀. Bí tọkọtaya AS àti AS bá bí ọmọ mẹ́rin, ẹ sọ 3/4 di púpọ̀ nígbà mẹ́rin, yóò di 81 nínú 256: ìyẹn ni pé nǹkan bí 32 nínú 100 irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni kò ní ní SS kankan, àwọn 68 yòókù yóò sì ní ó kéré tán ọ̀kan. Ìdílé mìíràn lè bí SS mẹ́ta léra wọn. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ni ó gbà pé díẹ̀ nínú àwọn ọmọ tí àwọn bàbá wa ń pè ní àbíkú jẹ́ ọmọ SS, àánú àwọn ìyá tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn nígbà náà sì máa ń ṣe mí tí mo bá rántí pé ohun tí ẹ ń fi ẹ̀wà ṣe yìí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Ẹ lè lo ọ̀nà yìí kan náà fún gbogbo tọkọtaya. AA àti AS kò lè bí SS, nítorí pupa kò sí nínú abọ́ kan. AA àti SS yóò bí kìkì AS. AS àti AC ni kí ẹ fara balẹ̀ ṣe, pẹ̀lú àwọ̀ kẹta fún C, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá gbọ́ AC máa ń rò pé kò sí ewu. Ìdá 1 nínú 4 ni kí ọmọ wọn jẹ́ SC.

Bí èsì ọmọ kò bá sì bá ti àwọn òbí mu, bí àpẹẹrẹ tí wọ́n ní bàbá jẹ́ AA tí ọmọ sì jẹ́ SS, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sùn àgbèrè kan ìyá ọmọ lórí ìwé kan ṣoṣo. Ẹ tún gbogbo àyẹ̀wò náà ṣe. Àṣìṣe ibi àyẹ̀wò wọ́pọ̀, talasímíà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sì lè mú kí ẹ̀rọ kọ AA fún bàbá àti SS fún ọmọ rẹ̀ gan-an.

Ibi tí S ti wá

Jíìnì hìmóglóbìn yìí wà lórí kírómósómù 11, ọ̀kan nínú àwọn okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì tò sí. Lẹ́tà mẹ́rin ni a fi ń kọ DNA, ìyẹn ohun tí a fi kọ ìlànà inú jíìnì: A, T, G àti C, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀ mọ́ lẹ́tà jẹ́nótáìpù, nítorí A àti C ti DNA kò bá A àti C ti orí ìwé èsì tan rárá. Mẹ́ta mẹ́ta ni ara ń ka lẹ́tà DNA, mẹ́ta kọ̀ọ̀kan sì ń pe amino acid kan, ẹyọ kékeré tí a fi ń to purotéènì, wá sínú purotéènì. Lára ẹni tí ó ní hìmóglóbìn A, GAG ni ó wà ní ipò kẹfà, ó sì ń pe glutamic acid. Lára S, lẹ́tà àárín ti yí padà, GAG ti di GTG, valine ni ó sì ń pè. Lára C, lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ó yí, GAG di AAG, lysine ni ó sì wá. Nínú DNA ènìyàn tí lẹ́tà rẹ̀ tó bílíọ̀nù mẹ́ta, lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Valine kò fẹ́ràn omi bí glutamic acid ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń wá ibi tí yóò farapamọ́ sí lára hìmóglóbìn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń so mọ́ra di ọ̀pá gígùn tí ó ń fa sẹ́ẹ̀lì náà tẹ̀. Vernon Ingram ni ó fi hàn ní Cambridge, ní ọdún 1957, pé amino acid kan yìí ni gbogbo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín A àti S.

Irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo. Nígbà tí ara bá ń da DNA kọ fún ẹyin obìnrin tàbí àtọ̀ ọkùnrin, àṣìṣe díẹ̀ máa ń wọ̀ ọ́, ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan sì ń gbé nǹkan bí 60 sí 70 àyípadà tí kò sí lára bàbá tàbí ìyá rẹ̀ wá sáyé. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò ṣe rere, kò ṣe ibi. Ohun tí ó yẹ kí ẹ dì mú ṣinṣin ni pé S kò ṣẹlẹ̀ *nítorí* ibà. Ara kò mọ̀ pé ibà wà níta, kò sì jókòó gbèrò oògùn fún un. Àyípadà náà kọ́kọ́ ṣèèṣì ṣẹlẹ̀, ibà wá bá a níbẹ̀. Ní ọdún 2018, Daniel Shriner àti Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tí ó jẹ́ onímọ̀ jíìnì ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí DNA àwọn tí ó ní S, wọ́n sì rí i pé gbogbo S wọ̀nyẹn lè jẹ́ ọmọ ìyá kan, láti ara ẹnì kan ṣoṣo ní Áfíríkà ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn.

Ẹ ṣírò ìran dé ìran

Báwo wá ni ohun tí ó wà lára ẹnì kan ṣe di ohun tí ó wà lára nǹkan bí ìdá 1 nínú 4 àwọn ọmọ Nàìjíríà, nígbà tí ó jẹ́ pé ó ń pa ẹni tí ó bá ní méjì? Níbi tí ẹ̀fọn ti pọ̀, kòkòrò ibà tí a ń pè ní *Plasmodium falciparum* máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa. Tí ó bá wọ sẹ́ẹ̀lì ẹni tí ó jẹ́ AS, kì í lè gbèrú dáadáa, ara sì máa ń tètè kó sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ dànù. Ọmọ AS lè ní ibà bí ọmọ mìíràn, ṣùgbọ́n ibà líle tí ó ń mú gìrì wá, tí ó sì ń pani, jìnnà sí i ní nǹkan bí 90 nínú 100. Anthony Allison ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rí èyí hàn ní ọdún 1954, lẹ́yìn iṣẹ́ tí ó ṣe ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà.

Ẹ mú bírò. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìlú kan láyé àtijọ́ tí ó bí ọmọ 10,000, níbi tí S jẹ́ 1 péré nínú gbogbo ẹ̀dà jíìnì 100. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ bí ti ẹ̀wà, kí funfun jẹ́ 99 kí pupa sì jẹ́ 1 nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, AA yóò jẹ́ 9,801, AS yóò jẹ́ 198, SS yóò sì jẹ́ 1. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ibà pa 1 nínú 10 àwọn ọmọ AA, kò pa AS kankan, SS kò sì dàgbà tó láti bímọ. Àwọn tí ó dàgbà jẹ́ AA 8,821 àti AS 198. Ẹ̀dà jíìnì méjì méjì ni wọ́n ní, ó jẹ́ 18,038 lápapọ̀, 198 nínú rẹ̀ sì jẹ́ S: nǹkan bí 1.1 nínú 100. S ti pọ̀ sí i nínú ìran kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yàn án.

Ẹ tún un ṣe fún ọmọ 1,000 ní ìlú tí S ti di 20 nínú 100. AA jẹ́ 640, AS jẹ́ 320, SS jẹ́ 40. Lẹ́yìn ibà, AA tí ó ṣẹ́ kù jẹ́ 576, AS ṣì jẹ́ 320, SS ti lọ. Ẹ̀dà jíìnì tí ó kù jẹ́ 1,792, S sì jẹ́ 320, ìyẹn nǹkan bí 17.9. Ó ti ń dín kù. Bí ẹ bá ń bá a lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì, ẹ óò rí i pé ibì kan náà ni wọ́n ń lọ, nítòsí 9 nínú 100, níbi tí ohun tí ibà ń gbà lọ́wọ́ AA àti ohun tí àrùn ń gbà lọ́wọ́ SS ti dọ́gba. Bí ẹ bá wá gbé agbára ibà sókè, kí ó máa pa 16 nínú 100 AA, ibẹ̀ yóò sún sí nǹkan bí 13.8, àwọn tí a bí ní AS yóò sì jẹ́ nǹkan bí 24 nínú 100. Ó sún mọ́ ohun tí a ń rí ní Nàìjíríà gan-an. Ìṣirò lásán ni èyí, nítorí ìgbésí ayé kò rí gbọọrọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ SS sì ń dàgbà, wọ́n ń bímọ, pàápàá lóde òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ń yí gbogbo ẹfolúṣọ̀n nìyí: àyípadà ń ṣèèṣì wáyé, ayé tí ènìyàn ń gbé ń pinnu irú èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ.

Ẹ lè dán ìṣirò náà wò láìsí ibà. Láti S 10 nínú 100, kí SS má bímọ, kí AA àti AS sì máa gbé láìséwu, S yóò di ìdajì lẹ́yìn ìran 10. Ìtàn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú fi irú èyí hàn. Ní Curaçao, erékùṣù kan ní òkun Caribbean, àti Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí àwọn Dutch ṣàkóso méjèèjì, tí wọ́n sì kó ènìyàn láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá sí, S kéré ní Curaçao níbi tí ibà kò sí, ó sì pọ̀ ní Suriname níbi tí ibà wà. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá 1 nínú 13 àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń bí pẹ̀lú S kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsí ibà nìkan ni ó fà á tí ó fi kéré sí ti Nàìjíríà: ìgbéyàwó láàárín ẹ̀yà wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n kó lọ kò sì ti ibì kan náà wá. Ní Bahia, ní Brazil, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá balẹ̀ sí, nǹkan bí ọmọ 1 nínú 650 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, òun ni ó sì ga jù ní orílẹ̀-èdè náà.

Ọ̀rọ̀ C yàtọ̀, ó sì wù mí púpọ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn Mossi ní Burkina Faso fi hàn pé CC ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ibà ju AC lọ fíìfíì, àìsàn tí CC sì ń fà kò le. Bí ibà bá wà títí láìsí oògùn, C lè máa pọ̀ sí i lọ láìsí ohun tí yóò dá a dúró bí SS ṣe ń dá S dúró.

Bí wọ́n bá ti wo aláìsàn sàn

Ìbéèrè kan kù tí àwọn ènìyàn ń bi mí lemọ́lemọ́: ṣé jẹ́nótáìpù lè yí padà? Oúnjẹ, àgúnmu àti oògùn kò lè yí i. Bí wọ́n bá gbin mùdùnmúdùn egungun ẹlòmíràn sínú ara ẹni tí ó jẹ́ SS, tí ó sì mú, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè kọ AA tàbí AS, gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí ó fún un. Ìtọ́jú jíìnì tí a ń pè ní Casgevy, tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, tí ti Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, kò tilẹ̀ fọwọ́ kan lẹ́tà S náà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jí hìmóglóbìn F ti inú oyún dìde, kí ó lè borí S. Ìtọ́jú méjèèjì kò dé ibi tí ẹyin àti àtọ̀ ti ń wá. Nítorí náà, nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, hóró pupa méjì ni kí ẹ ṣì fi sínú abọ́ tirẹ̀, ohun yòówù tí ìwé èsì tuntun ìbáà wí, kí ẹ sì bi ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ ní jẹ́nótáìpù tirẹ̀.